Yìgì Hàlímàt

"Ẹ tún fà á yọ, Bàbá Hàlímàt. Bóyá kò wọlé dáadáa."

Adéagbo fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì náà yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀, ó sì tì í padà. Iná kékeré tó wà níbẹ̀ tàn. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé wáyà ti so. Síbẹ̀, kò sí ojú ewé kan tó ṣí.

Yéjídé, ìyàwó rẹ̀, dúró lẹ́yìn àga, ó ti múra láti àárọ̀. Ní mọ́sálásí kan ní Kánádà, Hàlímàt ọmọ wọn ti jókòó síwájú lèmọ́mù, ó ń retí kí bàbá rẹ̀ yọjú lórí ẹ̀rọ, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fi í fún Ayọ̀ọlá.

"Fóònù ńkọ́?"

"Òpó wọn ṣì bàjẹ́. Gbogbo Modákẹ́kẹ́ ni kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Ó pẹ́ tí Adéagbo ti kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Ayọ̀ọlá ti kọ ìyàwó kan sílẹ̀ rí, òun kò ní fi ọmọ òun dán an wò. Ìyá bẹ̀ ẹ́, ọmọ bẹ̀ ẹ́, ó kọ etí dídi sí wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Hàlímàt fi ohùn ránṣẹ́: "Bàbá, tẹ́ ẹ bá máa gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dán kọ̀ǹpútà yẹn wò kó tó dọjọ́ náà. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti tan án." Kò dá a lóhùn. Àná, kí fóònù tó dákẹ́, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun gbà.

Líńọ́ọ̀sì, ètò kan tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ni Hàlímàt fi sínú kọ̀ǹpútà náà kó tó rìnrìn àjò, ó sì fara balẹ̀ kọ́ bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ láàbù tó ti fẹ̀yìn tì, bí wọ́n ṣe ń lò ó. Adéagbo ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí. Ó ní kí kọ̀ǹpútà pe ráúta, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì. Ráúta kò dáhùn.

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbí ló wà," ó ní. "Mo ń pè é, kò jẹ́."

Yéjídé wò ó.

Ìgbà tó yẹ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà wò, nọ́ńbà tí ráúta fi ń dá a mọ̀, ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Hàlímàt ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdírẹ́sì náà sí i láyé ìgbà tó wà nílé. Wọ́n ti wá pààrọ̀ ráúta láti ìgbà náà, tuntun kò sì mọ àdírẹ́sì àtijọ́. Ó pa á rẹ́, ó ní kí kọ̀ǹpútà máa gba òmíràn fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ráúta, ó yọ wáyà, ó tún tì í padà.

"Ó ti dé!"

Ni àtẹ̀jíṣẹ́ bá ń ya wọlé. *Bàbá, a ti wà nílẹ̀. Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Lèmọ́mù ní yìgì mìíràn wà lẹ́yìn tiwa.* Lẹ́yìn náà: *Tẹ́ ẹ bá ti yí ọkàn padà, Bàbá, ó ti yé mi. Ẹ má bínú.*

Àwòrán kan ló wọlé kẹ́yìn. Abdulsalam, àbúrò Adéagbo tó ń gbé ní Kánádà, ló jókòó sí àyè bàbá ìyàwó; wọ́n ti so yìgì náà.

Yéjídé fi etí ìborùn nu ojú. "Ẹ pè é."

Hàlímàt tètè gbé e. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Wáyà ló…" Adéagbo dákẹ́. Tó bá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ráúta, kíá ni yóò yé ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tó. "N ò yí ọkàn padà, Hàlímàt. O ní ká dán an wò, mi ò dá ọ lóhùn. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀."

"Ó ti kọjá, Bàbá."

"Ó ti kọjá lóòótọ́."

Adéagbo rí èjìká ọkùnrin kan létí àwòrán, ẹni náà ń fà sẹ́yìn kí ojú wọn má bàa ṣe mẹ́rin.

Ó tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa.

"Sọ fún ọkọ rẹ," ó ní, "kó sún mọ́ ibi tí mo ti lè rí i."