Iṣẹ́ Tí Wọ́n Kọ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sítóòfù

Télọ̀ ni ọmọbìnrin kan, ilé ló sì ti ń ránṣọ kó lè máa fojú sí ìyá rẹ̀ lára. Ọdún méjìdínlógójì ni ìyá yìí fi kọ́ àwọn ọmọ léèdè Yorùbá kí àrùn ìgbàgbé tó dé. Ní báyìí, ó lè bu ọṣẹ ìfọṣọ sí tíì, kó máa bínú pé ṣúgà náà ò dùn.

Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀ wọ́n wò ló ní kí télọ̀ kọ ìkìlọ̀ sára ohun tó bá léwu. Iṣẹ́ oníbàárà wà nílẹ̀, ló bá fi ìkánjú kọ ọ́ sórí páálí: MA TAN GAASI. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ó kọ MA SI ILEKUN, ó lẹ ìyẹn mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó padà sídìí máṣíìnì.

Ó ń rán apá kejì aṣọ oníbàárà náà lọ́wọ́ nígbà tí ooru fẹ́ sí i. Eré ló sá dé kíṣìnì. Iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jó bùlàbùlà láìsí ìkòkò lórí wọn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn ń ti kọ́tìnnì lọ bá iná. Ìyá rẹ̀ jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́.

Télọ̀ pa iná. "Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ sun wá mọ́lé ni?"

"Èmi lò ń pariwo mọ́? Ohun tí wọ́n kọ ni mo ṣe. Máa tan gáàsì, mo tàn án. Máa ṣí ilẹ̀kùn, mo ṣí i."

"'Má' ni mo kọ, Màmá! Má!"

"Àmì orí ẹ̀ dà?"

Télọ̀ wo páálí. Lóòótọ́, kò sámì kankan. Ẹkún ló fẹ́ sun, ẹ̀rín ló bú jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tún un ṣe."

Màmá gba bírò, ó fàmì sórí gbogbo ẹ̀ láìṣì kan. "Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ níwèé?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Irọ́ ńlá. Ọmọ kíláàsì mi ò lè kọ ìkọkúkọ báyìí."

Ṣùgbọ́n télọ̀ mọ̀ pé páálí nìkan ò tó. Ó ní kí oníṣẹ́ gáàsì gbé sílíńdà sínú àpótí alágádágodo níta, ó sì so agogo mọ́ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, Màmá fa ilẹ̀kùn, agogo ró. Kíá ló ti ilẹ̀kùn padà, ó yíjú sí télọ̀.

"O ò gbọ́ agogo ni? Wọlé sí kíláàsì!"

Télọ̀ ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó lọ jókòó.