Iná Kì Í Tán

"Tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà," ni Ọ̀gá wí.

Obìnrin tó ń ka ìkéde ilé iṣẹ́ iná lórí rédíò gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin ará ìlú. A ò ní pa iná fún ẹnikẹ́ni. Iná kì í tán."

"Ohùn rẹ ò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Bí ọ̀rọ̀ ò bá dùn lọ́kàn, ṣé ó lè dùn lẹ́nu ni, sà?"

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ilé iṣẹ́ iná kò ní fèrèsé. Tìmùtìmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ kí ariwo ìta má baà wọlé, bí èèyàn bá sì pẹ́ níbẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ojú ọ̀run wà. Obìnrin náà ò gbàgbé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ìkùukùu ti bo gbogbo ìlú, ewé kan ò sì mì. Àwọn sólà orí òrùlé ń wo òkè bí ẹni tí wọ́n dá májèmú fún tí wọn ò wá. Àwọn fáànù ńláńlá orí òkè, tí atẹ́gùn ń yí kó fi di iná, dúró gbagidi, omi dáàmù náà sì ti fà. Bátìrì ìlú ni gbogbo wọn ń jẹ, kò sì ní gbé wọn dé òwúrọ̀. Wọ́n ti fẹnu kò pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn yóò pa iná ìsàlẹ̀ ìlú, kí ilé ìwòsàn àti ẹ̀rọ tó ń fa omi lè rí tiwọn lò. Ìsàlẹ̀ ìlú ni ilé òun wà. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ jókòó sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń bá a mí.

Kí ó tó burú tó báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba ní oòrùn, atẹ́gùn àti omi nìkan ni orílẹ̀-èdè yóò máa fi tan iná, àwọn onímọ̀ wá sórí rédíò, wọ́n ń sọ nípa agbára tó ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, àwọn ará ìlú ń yán. Lọ́jọ́ kan ó kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Iná kì í tán." Ọ̀rọ̀ náà ràn kárí ìlú. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, wọ́n sì bọ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní Kìítán. Ó dùn mọ́ ọn nígbà náà. Ta ni kò ní wù kí ìlú máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kí i? Àmọ́ àwọn èèyàn gbà á gbọ́ jù. Wọ́n ní ohun tí kì í tán, kí lèèyàn tún ń tọ́jú òmíràn dè é fún? Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ gbé e dànù, ẹni tó fẹ́ ra bátìrì sínú ilé pa owó rẹ̀ mọ́ sápò. Kìítán náà gbé jẹnẹrétọ̀ tiwọn dànù.

"Lọ́la ni àwọn aṣòfin máa dìbò bóyá kí wọ́n ti ilé iná elépo yẹn pa," ni Ọ̀gá wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Bí wọ́n bá gbọ́ lónìí pé à ń pa iná, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sọ, oòrùn ò lè gbé orílẹ̀-èdè. Wọn ò ní tì í mọ́. Èéfín rẹ̀ á sì máa rú lọ."

"Mo mọ̀, sà."

"Ta ló tún yẹ kó mọ̀ jù ọ́ lọ? Ṣebí èéfín ibẹ̀ ló ba ẹ̀dọ̀fóró bàbá rẹ jẹ́."

Kìítán tún wo ìwé náà. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé iná elépo títí irun rẹ̀ fi funfun, ohun tó sì gbé bọ̀ níbẹ̀ ni ikọ́. Kìítán fẹ́ kí wọ́n ti ibẹ̀ pa ju bí Ọ̀gá ṣe fẹ́ ẹ lọ. Bó bá sọ òótọ́, ilé iná náà lè má kú mọ́. Bó bá parọ́, iná á kàn lọ lójijì mọ́ àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e lórí. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀.

"Ká má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá," ni Ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ilé iná elépo ni ẹ̀tẹ̀. Kí iná lọ díẹ̀, làpálàpá ni. Pe àwọn ará ilé rẹ, kí wọ́n gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti fún ọ láyè."

"Àwọn mìíràn tó ní irú ẹ̀rọ yẹn ńkọ́, sà?"

"Àwọn mélòó ni?"

"Mi ò kà wọ́n."

Ọ̀gá dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn gíláàsì tó pín yàrá náà sí méjì. Kìítán tẹ bàbá rẹ̀ láago.

"Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gé wá, èémí wà láàárín. "Rédíò mi ti wà níwájú. Ohùn rẹ ni mò ń retí."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Télọ̀ ni." Télọ̀ ni aládùúgbò wọn tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì. "Ó ní ojú ọ̀run yìí ò dá òun lójú, pé kí n wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì òun. Mo ní kó má dara rẹ̀ láàmú. Mo ní bí nǹkan kan bá máa ṣẹlẹ̀, ọmọ mi á sọ fún wa."

Ohùn Télọ̀ wọlé látẹ̀yìn. "Kìítán, èwo ni kì í tán láyé yìí o? Àfi wàhálà."

"Ẹ jẹ́ kó lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀," ni bàbá wí, ó sì pa fóònù.

Iná pupa orí ilẹ̀kùn tàn, ó fi hàn pé ohùn ti ń lọ sórí rédíò. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin ará ìlú," ni Kìítán bẹ̀rẹ̀. Ó wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ kí òun tó dé pẹ̀lú ọgbọ́n òun. Iná lọ, iná dé. Oòrùn náà, ó wọ̀, ó yọ. Kò sẹ́ni tó ń rí oòrùn tó wọ̀ tó ní ó ti tán, kò sì sẹ́ni tó ní kì í lọ. Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ." Ó ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ ìlú, a máa pa iná yín nírọ̀lẹ́ òní. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó fi ń mí, ẹni tó tọ́jú oògùn sínú fíríìjì, ẹ tètè wá ibi tí bátìrì wà. Ẹni tó bá ní bátìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn yín. Èmi ni mo ní iná kì í tán. Ọ̀rọ̀ náà ò pé. Iná tó ń ti ara oòrùn wá, ó ń lọ, ó sì ń bọ̀. Ó lè gbé gbogbo orílẹ̀-èdè, àmọ́ ó yẹ ká ti múra de ìgbà tó máa lọ, a ò sì tíì múra dè é tó. Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n ti ilé iná elépo pa. Mi ò kàn fẹ́ kí a fi irọ́ tì í."

Iná pupa kú. Nígbà tó jáde, Ọ̀gá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó di orí mú.

"Bí wọn ò bá tì í lọ́la, o mọ ẹni tó fà á."

"Mo mọ̀, sà."

"Máa lọ sílé. Má wá lọ́la."

Kò bá a jiyàn, nítorí kò dá a lójú pé Ọ̀gá ò jàre.

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ni iná ń kú níwájú rẹ̀, láti títì dé títì. Ẹnì kan pariwo lójú fèrèsé pé, "Kìítán, ó mà ti tán o," àwọn tó wà nítòsí sì rẹ́rìn-ín. Ó yára sẹ́sẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, àga bàbá rẹ̀ ṣófo. Ó pe bàbá, kò gbọ́ ìdáhùn, ó sáré jáde, ìgbà náà ló gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà láti òdìkejì títì, ó ń mí ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́.

Bàbá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n gbé kọ́, ó fi rédíò sórí itan. Obìnrin kan láti ilé kejì jókòó tì í, ó gbé ike oògùn dání. Télọ̀ tẹ̀ ba sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n máa wá gbà lọ́la.

"Kìítán ti lọ," ni Télọ̀ wí láìgbójú sókè. "Ó-ń-bọ̀ ló dé. Ó-ń-bọ̀, káàbọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," ni Kìítán wí. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Má ì tíì dúpẹ́. Ìgbà wo gan-an ni iná ń bọ̀?" ni Télọ̀ bi í.

Kìítán la ẹnu. Ọ̀rọ̀ dídùn ti tò sórí ahọ́n rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Ó lè jẹ́ lọ́la. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Télọ̀ wo òkìtì yunifọ́ọ̀mù, ó wo ẹ̀rọ bàbá, ó wo bátìrì kan ṣoṣo tó ń gbé àwọn méjèèjì. Ó nawọ́ sísàlẹ̀, ó fa wáyà ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ yọ.

"Ó dáa tí o sọ ọ́," ló wí. Ó mú abẹ́rẹ́ kan nínú agolo, ó nà án sí i. "Ojú tìrẹ dá ju tèmi lọ. Bá mi ki òwú bọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú tán."