Pupa Mọ́ Pupa

Ọ̀rọ̀ iná tí Ọ̀ṣẹ́nì bá pàdé ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bí ẹ bá ní kó rò ó fún yín lónìí, orí rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó tẹ búréèkì, tíráfíkétọ̀ ọwọ́ òsì ló ń ṣẹ́jú. Ó tan tíráfíkétọ̀ ọwọ́ òsì, iná tó máa ń tàn nígbà tí ọkọ̀ bá ń fẹ̀yìn rìn ló dá a lóhùn. Ó wá tan iná alẹ́, kò sí nǹkan kan tó tàn rárá. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú pikọ́ọ̀pù rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn, ó ń wo àwọn iná náà bí ìgbà tí èèyàn bi ọmọ léèrè orúkọ rẹ̀, tí ọmọ náà dárúkọ ìyá ẹlòmíìn.

Ọmọlẹ́yìn ni Ọ̀ṣẹ́nì ń pe tírélà kékeré tó máa ń so mọ́ ìdí pikọ́ọ̀pù náà. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní ìdárí, ibi tí ọkọ̀ bá fà á lọ ló ń tẹ̀lé e. Iṣu àti gbágùúdá ló fi ń kó láti oko wá sí Ṣakí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, òfì bàbá ìyàwó rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀: àwọn òpó igi tí wọ́n fi ń hun aṣọ, àpótí òwú, ẹní, kẹ́tù àlùwàlá, gbogbo ohun tí Bàbá Ràmọ́nì ní láyé.

Bàbá Ràmọ́nì ti hun aṣọ ní Ìsẹ́yìn títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti tú ká, òun nìkan ló kù nínú ilé. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó ṣubú lẹ́bàá kànga, ó sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí aládùúgbò kan fi wá fa omi. Láti ìgbà náà ni Sọ̀fíyàt, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ìyàwó Ọ̀ṣẹ́nì, kò ti sùn dáadáa mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó sunkún títí, pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Ṣakí. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Àfi bó ṣe ṣàdédé pè wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ní, “Ẹ wá kó mi lọ́la. Bí ẹ ò bá ti kó mi lọ́la, ẹ fi mí sílẹ̀ síbi tí mo wà.” Ẹni tó bá mọ Bàbá Ràmọ́nì mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí oòrùn ọjọ́ náà bá wọ̀ tí òfì yẹn ṣì wà ní Ìsẹ́yìn, ó parí nìyẹn.

Kò sí ohun tó ṣe iná náà kí wọ́n tó dé. Ibi tí wọ́n ti ń ti òpó òfì sókè ni igi ti há mọ́ wáyà lábẹ́ ọmọlẹ́yìn, ó sì fà á já pátápátá. Ọ̀ṣẹ́nì kò sì lè wakọ̀ láìsí iná ẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè dá a dúró lọ́nà Òkèhò, ìyẹn tiẹ̀ kéré. Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ wọn lójú ọ̀nà, ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀ pé òpó igi ń bẹ níwájú òun títí yóò fi kó sí i. Sọ̀fíyàt ti ní bàbá òun kò ní wọ ọkọ̀ tí kò níná, láéláé.

Ẹni tó kọ́kọ́ so iná náà mọ́ ọmọlẹ́yìn ni Abíọ́nà, rìwáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ṣakí. Ọ̀ṣẹ́nì pè é lórí fóònù, ó tú ohùn rẹ̀ síta kí ọwọ́ òun méjèèjì lè ráyè.

“Kò le rárá, Bàbá Àdìjátù,” ni Abíọ́nà wí. “Wáyà ara ọkọ̀ àti ti ara ọmọlẹ́yìn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Funfun mọ́ funfun, dúdú mọ́ dúdú, pupa mọ́ pupa. Ó tán.”

Funfun kò dá ìjà sílẹ̀. Abíọ́nà ní kó fi ọ̀bẹ ha ìpẹtà kúrò lára irin tí wọ́n de funfun mọ́, nítorí bí funfun kò bá kan irin gidi, iná kankan kò ní tàn. Ó ha á, ó dè é. Ó wá kan àwọn yòókù.

“Abíọ́nà, dúdú wo ni kí n so mọ́ dúdú wo? Méjì ni wọ́n.”

“Dúdú tó dúdú!”

“Méjèèjì ló dúdú.”

“Ó dáa, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Pupa ńkọ́?”

“Pupa mẹ́ta ni mo rí.”

“Hẹn-ẹn! Ẹ so wọ́n pọ̀. Pupa mọ́ pupa.”

Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ká dá lẹ́bi? Yorùbá ni Abíọ́nà ń sọ, Yorùbá ni Ọ̀ṣẹ́nì ń gbọ́. Ohun tí kò bá funfun, tí kò sì dúdú, pupa là ń pè é. Epo pupa, ilẹ̀ pupa, ọmọge pupa, ta ló ti ṣì wá gbọ́ rí? Ewé tútù dúdú, aró dúdú, ìdí ìkòkò náà dúdú. Àwa yé ara wa. Wáyà ni kò gbọ́ èdè. Oòrùn àti erùpẹ̀ ọ̀nà oko sì ti sọ àwọn tó wà lára ọmọlẹ́yìn di bákan náà, tó fi jẹ́ pé bí Ọ̀ṣẹ́nì bá tẹjú mọ́ wọn pẹ́, ojú ara rẹ̀ gan-an ló ń fura sí.

Ó so pupa mọ́ pupa. Ó tẹ búréèkì, òsì ṣẹ́jú. Ó tú u, ó fi pupa mìíràn mọ́ pupa mìíràn. Ọ̀tún àti òsì ń ṣẹ́jú papọ̀, iná alẹ́ kú fin-ín. Ó tú u, ó tún un so. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tíì tẹ nǹkan kan tí iná kan fi tàn fúnra rẹ̀.

“Subuánálláì!” ni Ọ̀ṣẹ́nì ké. Ó fò sẹ́yìn.

Bàbá Ràmọ́nì jókòó lórí àga lábẹ́ òrùlé ìta, ó ń wò wọ́n. Gbogbo ìgbà tí iná bá ti kọ̀, á rọra dìde, á lọ sídìí ọmọlẹ́yìn, á gbé nǹkan kan sọ̀ kalẹ̀, á gbé e padà wọlé. Kẹ́tù ló kọ́kọ́ gbé. Lẹ́yìn náà, ẹní. Nígbà tó wá fọwọ́ kan àpótí òwú, Sọ̀fíyàt sáré bọ́ síwájú rẹ̀.

“Bàbá, kí lẹ ń ṣe?”

“Ọ̀nà kò ṣí,” ni Bàbá wí. “Ẹ̀yin náà ẹ ò rí i ni?”

Sọ̀fíyàt yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Àdìjátù, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe yìí ṣá?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n,” ni Ọ̀ṣẹ́nì dáhùn. Òótọ́ ló sọ. Kò mọ ti iná, kò sì mọ ti àna rẹ̀ náà. Ọkùnrin tó fẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n wá kó òun, ojú rẹ̀ ń dán bí iná bá ti kọ̀. Ṣé ó fẹ́ lọ ni, àbí kò fẹ́ lọ? Òógùn bo Ọ̀ṣẹ́nì, oòrùn ti rọ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, Abíọ́nà sì ń pariwo nínú fóònù lórí ilẹ̀: “Bàbá Àdìjátù! Ẹ fọkàn balẹ̀! Ẹ mú pupa!”

“Mo ti mú pupa!”

“Kì í ṣe pupa yẹn! Pupa tó pupa!”

“Gbogbo wọn ló pupa, Abíọ́nà! Èwo ló tún kù nínú pupa?”

“Ẹ dákẹ́!”

Bàbá Ràmọ́nì ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó gbé àpótí òwú jù sílẹ̀, ó sì ń bọ̀ pẹ̀lú ìbínú. “Láti àárọ̀ lẹ ti ń dá mi lágara. Pupa, pupa, pupa! Ṣé ẹ ò lójú ni? Bí àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, kí ni mo fẹ́ hun fún wọn? Mú un wá!”

Ó já wáyà gbà lọ́wọ́ àna rẹ̀. Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó nu ọ̀kan, ó gbé e sójú oòrùn, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Èyí àlàárì ni. Oòrùn ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wo abẹ́ rẹ̀. Àlàárì pọ́nbélé ni. Èyí sányán. Ta ló máa pe sányán ní pupa, àfi aláìmọ̀kan? Èyí ìyeyè ni, ìyeyè tó pọ́n.” Ó fọwọ́ nu àwọn dúdú náà. “Èyí ewé. Èyí ẹtù. Ìwọ tó wà nínú fóònù, ṣé o mọ ẹtù?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹtù ni wọ́n wọ̀ níbi ìsìnkú bàbá mi.”

“Èwo ni ti búréèkì?”

Abíọ́nà ronú díẹ̀. “Àlàárì ni, Bàbá. Sányán ni ti iná alẹ́. Ìyeyè, òsì. Ewé, ọ̀tún. Ẹtù, ìfẹ̀yìnrìn. Áà! Ọlọ́run ló rán yín.”

Ọwọ́ tó ti so òwú tó já láti ìgbà èwe kò pẹ́ lórí wáyà. Bàbá lọ́ ọ, ó kó o mọ́ra, Ọ̀ṣẹ́nì ń fi tépù wé e tẹ̀lé e. Ọ̀ṣẹ́nì bọ́ sínú ọkọ̀. Ó tẹ búréèkì: ó pọ́n wàà. Òsì: òsì ṣẹ́jú. Ọ̀tún: ọ̀tún ṣẹ́jú. Iná alẹ́ tàn. Sọ̀fíyàt hó yèè, ó sáré wọlé, ó gbé ẹní àti kẹ́tù jáde, ó gbé wọn pẹ̀lú àpótí òwú padà sórí ẹrù.

Bàbá kò bá wọn yọ̀. Ó dúró lẹ́yìn ọmọlẹ́yìn, ó dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tán tó wá rántí pé kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé. Ìgbà yẹn ló tó yé Ọ̀ṣẹ́nì. Iná tó kọ̀ ni ọ̀nà tí Bàbá rí tí kò fi ní lọ, ìbínú iṣẹ́ ọwọ́ sì mú kó fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe.

Sọ̀fíyàt náà rí i. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. “Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ lọ ni?”

“Mi ò fẹ́ lọ,” ni Bàbá wí. “Níbí, bí mo bá wúkọ́ nínú yàrá, gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tó wúkọ́. Ní Ṣakí, bàbá ìyàwó Ọ̀ṣẹ́nì ni n ó máa jẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Sọ̀fíyàt.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Bàbá. Bí fóònù bá ti dún, ẹ̀rù á bà mí.”

Ọ̀ṣẹ́nì tó jókòó sídìí ìdárí yọrí lójú fèrèsé. Ó ní, “Bàbá, bí ẹ bá ní ká sọ òfì kalẹ̀, màá sọ ọ́ kalẹ̀.”

Bàbá ní kí Sọ̀fíyàt wọlé sínú ọkọ̀. “Ẹ máa lọ jẹ́jẹ́. Mo fẹ́ wo iná náà láti ẹ̀yìn.”

Wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín àdúgbò, Bàbá ń rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn. “Òsì!” Ọ̀ṣẹ́nì tan òsì. “Ó tàn! Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ sọ, Ìyá Ládòkun. Rárá, iná ni mò ń wò. Ọ̀tún!” Bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ó ń kí àgbà, ó ń fọwọ́ pa orí ọmọdé, ó ń ní iná ni òun ń wò. Ṣé ẹni tó ń wo iná máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà èèyàn? Ọ̀ṣẹ́nì kò mọ̀ bóyá ìdágbére ni, àbí yóò kàn padà sílé nígbà tí wọ́n bá dé ojú títì.

Wọ́n dé ojú títì. Ọ̀ṣẹ́nì dúró, ó tẹ búréèkì mọ́lẹ̀. Nínú dígí, ó rí Bàbá nínú iná pupa náà, tó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, tó kọjú sí àdúgbò. Sọ̀fíyàt di apá ọkọ rẹ̀ mú, kò lè wẹ̀yìn. Ọkọ̀ mìíràn kọjá, òmíràn tún kọjá.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ Sọ̀fíyàt ṣí.

“Sún,” ni Bàbá wí. Ó wọlé, ó jókòó, ó fi etí agbádá nu ojú. “Ọ̀ṣẹ́nì, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búréèkì yẹn. Àlàárì náà pọ́n jù, ó ń ta èèyàn lójú.”

Ọ̀ṣẹ́nì gbé ẹsẹ̀ kúrò.