Ooru Tó Wà Lábẹ́ Ilé Dulcie

Òtútù tó bọ́ sí Stanthorpe ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún yẹn kì í ṣe ti àsìkò, nítorí ìgbà ooru ló máa ń wọlé níbẹ̀ lóṣù náà. Àwọn èèyàn ti kó ẹ̀wù òtútù sínú àpótí kí atẹ́gùn tútù láti gúúsù tó ṣàdédé dé. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé Dulcie Tranter gbóná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ló bá ránṣẹ́ pe Nev Haskett.

Láti ìgbà èwe ni Nev ti ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe. Òun àti Dulcie jọ lọ sílé ìwé kan náà ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò lè bá ara wọn sọ.

"Ilé ọtí lo kọ́kọ́ yà sí, àbí?" Dulcie bi í lẹ́nu ọ̀nà. Kúbùsù ló fi bora.

"Tí mo bá yà sílé ọtí, ṣé ojú mi á rí báyìí? Gbé tíì kaná jàre. Kí ló ṣe é?"

"Yàrá iwájú ń gbóná dáadáa. Yàrá ẹ̀yìn tí mò ń sùn ló tutù bíi sàréè. Mo ti gbá ẹ̀rọ yẹn létí, kò gbọ́."

"Bí o ṣe máa ń gbá ọkọ rẹ létí nìyẹn?"

"Ọkọ mi máa ń gbọ́ ní tiẹ̀."

Nev yọ asẹ́ ẹ̀rọ náà, ó fọ eruku ara rẹ̀ dànù. Ó bọ́ síta, ó yẹ ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ náà àti gáàsì rẹ̀ wò; kò rí àléébù kankan. Ó padà wọlé, ó na ọwọ́ sí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ní yàrá iwájú, ooru gidi ló ń tú jáde níbẹ̀. Ti yàrá ẹ̀yìn kàn ń mí tíntín ni.

"Ara ẹ̀rọ le," ó ní. "Ojú ọ̀nà ni ooru rẹ ti ń sọnù. Mo máa wọ abẹ́ ilé."

Orí òpó kúkúrú ni ilé náà dúró lé, àyàfi kéèyàn fàyà fà lábẹ́ rẹ̀. Nev mú tọ́ọ̀ṣì dání, pẹ̀lú irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń nà sí nǹkan kó lè sọ bó ṣe gbóná tó. Kò pẹ́ tó fi rí i. Téèpù tó so páìpù ńlá méjì tó ń gbé ooru lọ sí yàrá ẹ̀yìn pọ̀ ti gbẹ, ó ti já, ooru sì ń fẹ́ dànù sórí ilẹ̀. Nǹkan kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ká jọ bíi táyà. Ó rò pé aṣọ tó máa ń bo páìpù ló já bọ́. Ó na irinṣẹ́ sí i: ọgbọ̀n ni ìwọ̀n ooru rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu, nítorí ibẹ̀ ni ooru ń fẹ́ sí.

"Dulcie! Pa á, kí n lè dí i!"

Afẹ́fẹ́ dákẹ́. Nev sinmi lórí ìgbọ̀nwọ́ títí páìpù fi tutù. Ilẹ̀ náà tutù. Ó tún na irinṣẹ́ sí ohun tó ká jọ yẹn. Ọgbọ̀n náà ni.

Ó gbọn irinṣẹ́, ó tún nà án. Ọgbọ̀n. Ibẹ̀ ló wà tí nǹkan náà fi gbọ̀n rìrì lójú rẹ̀.

Òjòlá ni. Ó gbé orí lé ara rẹ̀ lókè, ó ń wo Nev. Ejò náà tún gbọ̀n, ara rẹ̀ sún díẹ̀, Nev sì rí ohun funfun láàárín rẹ̀. Ẹyin ni, ó pọ̀ jọ. Ó wo nọ́ńbà tó wà lójú irinṣẹ́, ó tún wo ejò náà, ọ̀rọ̀ náà sì yé e díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé o ti kú síbẹ̀ ni?" Dulcie kígbe láti ìta.

"Dulcie, wá."

"Wá síbo? Pẹ̀lú orúnkún mi yìí?"

"Wá. Rọra o. Má pariwo."

Kò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu Nev rí, ìyẹn ló ṣe wá. Ó fàyà fà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Òtútù ló ń mú un?" ó sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Rárá. Bó ṣe ń gbọ̀n yẹn ló fi ń ṣe ooru fún àwọn ẹyin rẹ̀."

"Ejò? Tí ara rẹ̀ máa ń tutù?"

"Kò sí wáyà, kò sí gáàsì. Wo nọ́ńbà."

Dulcie wo nọ́ńbà náà. Ó di ọwọ́ Nev mú.

Obìnrin kan tó máa ń kó ejò kúrò nílé èèyàn ni Nev pè lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, pé kò ní jẹun títí àwọn ọmọ á fi jáde. Nev dí ẹnu páìpù tó já, ó sì fa òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ kejì abẹ́ ilé lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Dulcie sun oorun gidi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nev ni kò sùn. Ó ń rò ó pé ooru tí ìyá ejò náà rí yá lòun gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó padà wá, ó wọ abẹ́ ilé. Ilẹ̀ tutù débi pé ó ń ta á láyà. Òjòlá náà ń gbọ̀n lemọ́lemọ́ ju ti àná lọ. Ó na irinṣẹ́: ọgbọ̀n, kò dín. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi ń tún ohun tó ń ṣe ooru ṣe, kò sì rí èyí tí kò ní wáyà tàbí páìpù kankan lára rí. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó lè jáde.

Nínú oṣù kìíní, nígbà tí ooru ti gba ìlú, Dulcie pè é. "Wọ́n ti ń jáde. Sáré!"

Wọ́n jọ dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń wo orí kéékèèké tó ń yọ láti inú èèpo ẹyin. Lẹ́yìn náà ni ìyá tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rù, awọ rẹ̀ ti hun jọ. Ó wọ́ kọjá níwájú wọn, ó jáde sínú oòrùn, ó forí lé àwọn àpáta ẹ̀yìn ilé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá," Dulcie kí i.

Nev kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ṣí fìlà fún un.