Àmín Tí Nọ́ọ̀sì Ṣe

Inú mọ́tò ni Oyèrónkẹ́ ti gbọ́ ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀, níbi tó ti ń jẹun ọ̀sán lẹ́yìn ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́. Màmá Hephzibah ló fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn obìnrin ìjọ wọn ní College Park, lókè òkun. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ó pe ara rẹ̀ ní dókítà, àmọ́ kò sọ ibi tó ti ń ṣe dókítà ọ̀hún. Ó ní abẹ́rẹ́ kòrónà tí wọ́n ń gún fún aráyé, bí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà bá gbà á, kò ní rí ọdún tó ń bọ̀. Ó wá fi àdúrà kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Nọ́ọ̀sì ni Rónkẹ́. Òun náà ti gba abẹ́rẹ́ yìí, ó sì mọ̀ pé irọ́ gbuu ni ọkùnrin náà ń pa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde láàárín ọ̀pọ̀ obìnrin kó sọ fún Màmá Hephzibah pé irọ́ ló gbé wá? Ilé màmá yìí ni Rónkẹ́ balẹ̀ sí nígbà tó dé láti Ìbàdàn. Ibẹ̀ ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń sùn, títí tó fi yege ìdánwò nọ́ọ̀sì. Àwọn yòókù sì ti ń to "Àmín" jọ sábẹ́ ohùn náà, púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ọ dé ìdajì. Ẹni tó bá dákẹ́ nínú ẹgbẹ́ yẹn, wọ́n á ní ó ń gbéra ga. Rónkẹ́ náà bá tẹ tirẹ̀: "Àmín mà. Ẹ ṣé tí ẹ ń rántí wa." Ó ní tó bá di ọjọ́ kejì, òun á pe màmá ní kọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì dé, iṣẹ́ gorí iṣẹ́, ó gbàgbé.

Ohùn náà kò jókòó dè é. Ó ti ọwọ́ àwọn akọrin ìjọ dé ìlú Dacula, ó ti Dacula bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ á sì fi nǹkan díẹ̀ sí i. Ẹnì kan ní nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ àwọn ṣe àmín sí i. Nígbà tó fi máa dé ìlú Stockbridge, ó ti di pé àwọn nọ́ọ̀sì ìjọ ti jẹ́rìí sí i. Àmín kan ṣoṣo ti bí ìbejì.

Stockbridge ni Ọládipúpọ̀, ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́, ń gbé. Iṣẹ́ ẹrù ló ń ṣe ní pápákọ̀ òfurufú, ó sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ ló bá a gba àyè sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó pè é.

"Brother mi, ṣé apá ò dùn yín jù?"

"Apá wo? Mi ò lọ mọ́. I cancelled the appointment."

"Kí ló dé, sir?"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣe àmín ni? Wọ́n fi hàn mí, orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Mo ní àbúrò mi ò lè sọ ọ́ ní gbangba nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ó fi àmín ta wá lólobó."

"Mo kàn ń kí Mummy ni, sir. Respect ni."

"Ṣé o máa ń ṣe àmín sí irọ́ ni?"

Ojú ti Rónkẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ wọn pé irọ́ ni ohùn yẹn, pé òun ti gba abẹ́rẹ́ náà, kí wọ́n jọ̀ọ́ lọ gbà á. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín sí ìyẹn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń jà ràn-ìn pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọsibítù ló ní kó kọ ọ́ bí kò bá fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èyí tó o kọ́kọ́ sọ," ni Ọládipúpọ̀ wí nígbà tí àbúrò rẹ̀ tún pè é, "kò sẹ́ni tó fipá mú ẹ sọ ọ́."

Títí Rónkẹ́ fi bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sú, "màá lọ" ló ń dá a lóhùn, kó lè rí ìsinmi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kòrónà kì í dúró de ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Nínú oṣù kẹjọ, ikọ́ kòrónà dá Ọládipúpọ̀ dùbúlẹ̀. Orí fóònù ni Tèmi, ìyàwó rẹ̀, ti dágbére fún un kó tó kú, nítorí ọsibítù kò gbà á láyè láti wọlé. Ó dun Rónkẹ́ wọnú eegun.

Màmá Hephzibah wá kí i kú ọ̀fọ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó sunkún tòótọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ohùn burúkú yẹn, Rónkẹ́. Ṣé o mọ̀ pé torí tìẹ ni mo ṣe gbé e síbẹ̀? Ó bà mí lẹ́rù. Mo ní Rónkẹ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, bí kò bá jẹ́ òótọ́, á sọ fún wa. O wá ṣe àmín."

"Mo kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé irọ́ ni, mà."

"Wọ́n ní wọ́n fipá mú ẹ ni."

Rónkẹ́ wò ó. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ń mí gúlegúle láti ìgbà tó ti gun àtẹ̀gùn wọlé.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Mummy? Ṣé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ náà?"

"Èmi? Lẹ́yìn tí ìwọ ti ṣe àmín?"

Rónkẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lórí tábìlì. Láti ọjọ́ tó ti mọ màmá yìí, kò pàṣẹ fún un rí.

"Ẹ dìde, mà," ó ní. "Ẹ wọ bàtà yín. Abẹ́rẹ́ yẹn la ń lọ gbà."