Ìwọ̀n Ẹ̀gbọ́n Ṣùbòmí

Ní ọ́fíìsì wọn ní Sábó, orí kọ̀ǹpútà ńlá kan ni ètò tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́ jọ wà. Motọ́lání ló ń ṣọ́ ọ. Ó bu ìwọ̀n àyè inú rẹ̀ fún ètò kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jẹ kọjá ìwọ̀n, kọ̀ǹpútà á dá a dúró. Ti ọ̀gá wọn, Ẹ̀gbọ́n Ṣùbòmí, nìkan ni kò ní ìwọ̀n. Ta ní í bu oúnjẹ fún àgbà?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ètò ẹ̀gbọ́n jẹ gbogbo àyè tán. Èyí tí ilé ìwòsàn kan, oníbàárà wọn, fi ń pe aláìsàn wọlé sì daṣẹ́ sílẹ̀.

Motọ́lání kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ fi ìwọ̀n sí tiyín."

"Èmi? Ṣé o mọ ẹni tó gbà ẹ́ síṣẹ́ ṣá?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Kọ̀ǹpútà ni ò mọ̀ yín. Àwọn aláìsàn sì ń dúró."

Ó gbàdúrà sínú, ó dìde, ó sì fi ìwọ̀n sí i. Kọ̀ǹpútà dá ètò ẹ̀gbọ́n tó ti kọjá ìwọ̀n dúró. Ti ilé ìwòsàn jí pépé.

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó fi oríkì Motọ́lání pè é. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé! Àjọkẹ́, ọmọ tí í sọ òótọ́ lórí ìkúnlẹ̀, Olúwa á gbé ọ ga. Ó yá, bá mi gbé tèmi dìde, lórí ìwọ̀n tó o bù fún un."