Ọwọ́ Ara Ògiri

Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọmọbìnrin kan yàn láàyò ni láti sọ òwe náà di irọ́. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣe é. Yóò ya àwòrán aṣọ, igi tàbí òkúta, yóò gé e sí mẹ́rin, yóò wá kó etí rẹ̀ wá sáàárín kó lè rí ibi tí kò ti bára mu. Ibẹ̀ ni yóò máa tún ṣe díẹ̀díẹ̀, títí èèyàn á fi lè tẹ́ ẹ lọ bí ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní láìrí ojú ìsopọ̀ kankan. Àwọn tó ń ṣe ìwé àti ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń rà á, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé láti ìgbà tí títì gba ilé wọn kọjá tí wọ́n sì wó o. Tí ìyá bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, á ní kí ọmọ fi ògiri pálọ̀ ilé náà han òun lórí fóònù. Àwòrán kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Ihò kan wà lára ògiri náà tí baba dí kó tó kú. Bíríkìlà ni, ṣùgbọ́n àìsàn ò jẹ́ kó lè di ṣíbí tó fi ń rẹ́ ilé mú mọ́, ló bá fi àtẹ́lẹwọ́ lásán rẹ́ ẹ. Ìka rẹ̀ márààrún hàn gbangba nínú sìmẹ́ǹtì.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ọmọ ò mú fóònù jáde.

"Àbí fóònù ò níná ni?"

"Ó níná, Màámi."

"Kí ló wá dé tí ò ń wolẹ̀ bí ẹni tó jẹ ẹran inú ìkòkò?"

Ọmọ kúnlẹ̀. Ó ní oníbàárà kan ló fẹ́ ògiri àtijọ́, òun sì fi ti pálọ̀ ṣe é. Òun pa ọwọ́ náà rẹ́, òun fi sìmẹ́ǹtì tó mọ́ bo ojú ibẹ̀. Nígbà tí òun fẹ́ fi àwòrán tuntun náà pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà, òun gbàgbé láti fún un lórúkọ tirẹ̀.

"Tuntun ti gorí àtijọ́, Màámi. Àtijọ́ ti lọ."

Ìyá bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ọlọ́wọ́-ṣíbí, ọkọ mi," ó ní jẹ́jẹ́, "a-rẹ́-ògiri bí ẹni ń kun ìpara fọ́mọ tuntun. Títì wó ilé rẹ, ọmọ rẹ tún pa ọwọ́ rẹ rẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Orúnkún kì í mọ ògiri. Kí tiẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀hún ṣe fún yín?"

"Oníbàárà ló ní ó pọ̀ jù."

"Ọwọ́ kan ló pọ̀ jù?"

"Tí a bá tẹ́ ẹ lọ, Màámi, ohun tó bá wà nínú ẹyọ kan á wà nínú gbogbo ẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́ sí i, ó ní ṣé ògiri nìyí àbí èrò tó ń juwọ́ sóun. Ni mo bá..."

Ọmọ fa fóònù yọ, ó ń wá ọ̀rọ̀ òun àti oníbàárà náà kiri. Àpẹẹrẹ tí wọ́n kọ̀ ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀! Ọwọ́ baba ló kún un láti òkè délẹ̀.

Ìyá sún mọ́ ọn.

"Yéè! Ọlọ́wọ́-ṣíbí! Nígbà ayé rẹ, méjì péré lo ní, wọn ò sì bá mi fọ abọ́ rí!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Olúwa, o ṣeun. O ò dójú ti opó."

Ara ọmọ ti yá gágá. "Mo lè yọ ọ̀kan, Màámi. Ó kéré, ojú ẹ̀ sì ti ṣú díẹ̀, etí ẹ̀ náà rí jákujàku. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, màá tún un ṣe, ẹ ò ní mọ̀ pé..."

Ìyá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Yọ ọ̀kan fún mi," ó ní. "Jọ̀ọ́, má tún un ṣe."